Ìwé àṣẹ mi ti kú láti ọdún mẹ́ta: ìdáhùn sí dókítà ẹran kan ní Kétu

Dókítà ẹran ọ̀dọ́ kan kọ̀wé sí mi láti Kétu nílẹ̀ Benin. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Dókítà. Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo ti kàwé. Mo gba DVM, ìwé ẹ̀rí dókítà ẹran, mo búra, Veterinary Council of Nigeria, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa, sì forúkọ mi sílẹ̀. Ara ìyá mi kò yá, ni mo bá padà wálé. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí n kò san owó ìwé àṣẹ ọdọọdún, n kò sì lọ sí ẹ̀kọ́ ìtẹ̀síwájú kankan, èyí tí wọ́n ń ṣe fún dókítà tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú ẹran nílé. Àwọn kan ní ìwé ẹ̀rí mi ti tó, pé dókítà ni dókítà ń jẹ́. Àwọn mìíràn ní kí n máa ṣiṣẹ́ lọ ná, pé ta ló máa bi mí ní Kétu? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìwé Nàìjíríà mi lè ṣiṣẹ́ níbí? Kí ni kí n ṣe sí ọdún mẹ́ta tó ti lọ? Kí a sì sọ òótọ́, ṣé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀síwájú yìí wúlò, àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa ni?"

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà.

Rárá, ìwé Nàìjíríà rẹ kò lè ṣiṣẹ́ ní Kétu. Má ṣílẹ̀kùn ilé ìtọ́jú kankan títí orúkọ rẹ yóò fi wà nínú ìwé Ordre, ìyẹn àjọ àwọn dókítà ẹran nílẹ̀ Benin níbí. Síbẹ̀, má jẹ́ kí ìwé Nàìjíríà náà ṣòfò, nítorí òun gan-an ni wọ́n máa bi ọ́ nígbà tó o bá dé ọ̀dọ̀ Ordre.

Nǹkan mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ tí àwọn tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn pa pọ̀ di ẹyọ kan. Ìwé ẹ̀rí Ìbàdàn sọ pé o kàwé, o sì yege. Ìforúkọsílẹ̀ sọ pé àwọn àgbà iṣẹ́ gbà ọ́ wọlé. Ìwé àṣẹ ọdọọdún sọ pé ní ọdún yìí, ní orílẹ̀-èdè yìí, o lè fọwọ́ kan ẹran oníbàárà, o lè kọ oògùn, o lè fọwọ́ síwèé. Ti àkọ́kọ́ kì í kú. Ti ìkẹta ń kú lọ́dọọdún, ó sì ti kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti 1969 ni òfin Nàìjíríà ti gbé Council náà kalẹ̀, agbára rẹ̀ sì mọ sí ẹnubodè. Ewúrẹ́ ń gba Ìlárá kọjá láàárọ̀ lálẹ́, màlúù ń kọjá, àwa fúnra wa ní ẹbí lọ́tùn-ún lósì. Ìwé àṣẹ kì í bá wọn kọjá.

Jẹ́ kí n fi ajá ṣàpẹẹrẹ, torí ajá ló máa kọ́kọ́ dé bá ọ. Ajá kan bu ọmọ jẹ ní ọjọ́ ọjà Kétu. Bàbá ọmọ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, olówó ajá fa ajá wá bá ọ. Ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́ ọ pé kí o so ajá mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí kò bá ṣàìsàn láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, kò sí dìgbòlugi lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ. Ẹ̀kọ́ náà dára, kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n níbí, ètò tí a jogún lọ́wọ́ Faransé ni a ń tẹ̀ lé: ẹ̀ẹ̀mẹta ni dókítà máa yẹ ajá náà wò láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, ní ọjọ́ keje àti ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìwé kọ̀ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ ń dúró de àwọn ìwé yẹn. Bó o bá tú ajá sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá, tí olówó ajá gbé e lọ sí oko tàbí tó tà á, ìwé kẹta kò ní sí, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ilé méjì. Nígbà náà ni wọ́n máa wo ẹni tó fọwọ́ sí ìwé méjì àkọ́kọ́, wọ́n á sì wá orúkọ rẹ nínú ìwé Ordre. Ìdáhùn nìyẹn fún ẹni tó ní ta ló máa bi ọ́ ní Kétu. Ọjọ́ tí nǹkan bá dára, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Ọjọ́ tí màlúù Fúlàní kan bá kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ rẹ, àwọn ọlọ́pàá ni yóò bi ọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà rí bẹ́ẹ̀. Benin wà nínú UEMOA, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Láti 2006 ni UEMOA ti ní ìlànà tirẹ̀ lórí oògùn ẹran tó lè wọ ọjà láwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí kò sọ oògùn di ohun tó bófin mu lọ́dọ̀ wa, bó ti wù kí oògùn náà dára tó. Mo mọ̀ pé ní Kétu, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni oògùn ń gbà wọlé. Ìwọ má fi orúkọ rẹ sí i.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta náà. Nàìjíríà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kí o tó lọ sí Kútọnu. Kọ lẹ́tà sí Council ní Abuja fúnra rẹ, kí wọ́n tó bi ọ́. Sọ ọjọ́ tó o kúrò, sọ ìdí tó o fi kúrò, sọ pé o kò ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà láàárín ọdún wọ̀nyí bó bá jẹ́ òótọ́, kó o sì béèrè ohun mẹ́ta: iye gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ, ẹ̀kọ́ ìtẹ̀síwájú tí wọ́n fẹ́ kó o ṣe láti fi dí àlàfo náà, àti bí wàá ṣe gba lẹ́tà tó ń jẹ́rìí pé o kò ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà tó bá yá. Lẹ́tà ẹ̀rí yìí ni olórí ohun tó o ń wá. Bó o bá lọ bá àjọ dókítà ẹran níbikíbi láyé, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni: ibo lo ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n sọ nípa rẹ? Ẹni tí ìwé rẹ̀ kú tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, onígbèsè lásán ni. Ẹni tó fi pamọ́ tí wọ́n wá fọwọ́ ara wọn tú u jáde, wọn kò ní fi ojú onígbèsè wò ó mọ́.

Má sanwó ọdún kan kí o fojú fo méjì tó kù. Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.

Lẹ́yìn náà ni kó o kọjú sí Benin. Ìwé ẹ̀rí rẹ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, ìlú tiwa sì mọ Dakar dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kàwé, ní EISMV, ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹran tí àwọn orílẹ̀-èdè wa jọ dá sílẹ̀ ní 1968. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gíga ní láti sọ pé DVM rẹ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n mọ̀. Èyí ló máa ń pẹ́ jù, òun ni kó o kọ́kọ́ gbé lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí màá kó sínú fáìlì kan nìyí: ojúlówó ìwé ẹ̀rí àti ìwé máàkì ọdún kọ̀ọ̀kan, ìwé ìforúkọsílẹ̀ Council, ìwé ìbí, ìwé ọmọ ìlú, casier judiciaire (ìwé tó ń fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ẹni lẹ́bi rí), àti ìtumọ̀ gbogbo ohun tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé láti ọwọ́ ògbufọ̀ tó ti búra nílé ẹjọ́. Má fún ọ̀rẹ́ rẹ tó gbọ́ Faransé ní iṣẹ́ yìí. Lẹ́tà ẹ̀rí Council ni kó o gbà kẹ́yìn, nítorí tuntun ni àwọn àjọ máa ń fẹ́. Bó o bá tètè gbà á, ó lè gbó kí ìdọ́gba ìwé ẹ̀rí tó jáde, wàá sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò tó o fi ń dúró, má jókòó lásán. Tẹ̀ lé dókítà tó wà nínú ìwé Ordre lọ sí oko, di ẹran mú fún un, béèrè ọ̀rọ̀. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nítòsí rẹ ní Kétu níbẹ̀. Lọ kí àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni nípa ẹran, sọ fún wọn pé o wà nílé. Ohun tí o kò gbọdọ̀ ṣe ni kí o fọwọ́ síwèé, tàbí kí o gbowó ìtọ́jú lórúkọ ara rẹ. Lẹ́yìn tí orúkọ rẹ bá ti wọlé, o lè wá béèrè fún mandat sanitaire, àṣẹ tí ìjọba fi ń gbé iṣẹ́ àjẹsára fún dókítà aládàáni. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìlú bíi Kétu, iṣẹ́ yẹn lè jẹ́ ìdajì oúnjẹ ọdún.

Mo ti ń sáré kí n lè dé ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn, torí òun ló dùn mí jù.

Ní ọdún kejì tí mo dé láti Dakar, mo lọ fún ewúrẹ́ lájẹsára kata ní abúlé kan lápá Idigny. O mọ kata: ojú á ṣepin, imú á máa dà, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ wọn á sì kú. Ìwé Faransé ń pè é ní peste des petits ruminants. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1942 ní Côte d'Ivoire, ìran àjẹsára tí a sì ń lò jù, Nigeria 75/1, ilẹ̀ tó o ti kàwé ló ti jáde. Gbogbo ìtàn yìí ni mo mọ̀. Mo gba máàkì tó dára lórí rẹ̀.

Àjẹsára náà jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ nínú ìgò kékeré. Wàá da omi iyọ̀ tútù sí i, wàá mì í, ó di abẹ́rẹ́. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo sì po gbogbo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn ará abúlé ń fa ewúrẹ́ wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdílé kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, yìnyín inú kúlá mi ti di omi. Aago méjì ọ̀sán ni mo gún èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n fún mi ní iṣu mẹ́ta lé owó mi, mo gun ọ̀kadà, mo lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Okùn ewúrẹ́ méje ló wà nílẹ̀, ó ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni pàtẹ. Ó ní, "Dókítà, ṣé omi lẹ fi gún wọn ni?"

Omi ni. N kò mọ̀ nígbà yẹn ni. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni mo tó mọ̀, ní ẹ̀kọ́ ìtẹ̀síwájú ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan ní Parakou tí mo lọ pẹ̀lú ìkùnsínú, torí èmi náà rò pé wọ́n fẹ́ gbowó ni. Olùkọ́ gbé ìgò àjẹsára kan lélẹ̀ níwájú wa, ó pò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun yẹn, ẹ̀mí inú rẹ̀ ti ń tán lọ, ooru sì ń yára pa á. Ẹyọ kan ni kí a máa pò, kí a gún un tán kí ó tó pé wákàtí kan, kí a tó ṣí òmíràn. Kí ìgò tó kù wà nínú yìnyín, lábẹ́ òjìji, pẹ̀lú ìdérí. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mo ń ka okùn. Ilé ìwé ti kọ́ mi ní gbogbo nǹkan nípa kata, àfi bí oòrùn Idigny ṣe ń ṣe kúlá ní aago mọ́kànlá.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbọ́ kí ọ̀dọ́ máa pe ẹ̀kọ́ ìtẹ̀síwájú ní owó tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kí n dákẹ́. Àrùn náà kì í dúró dè wá. Ní 1997, ìgbóná ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ Benin, kò sí abẹ́rẹ́ fún un, a sì ń gún ẹlẹ́dẹ̀ ní àpakòkòrò (antibiotic) lásán. Ní oṣù Kejìlá 2007, fílúù adìẹ H5N1 wọlé. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ẹnì kan bá gbé adìẹ kú wá, lúkúlúkú la máa ń pè é, a ó sì fi ọwọ́ lásán là á wò ní àgbàlá, tí àwọn ọmọdé yóò dúró yí wa ká. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún wa nígbà tí àrùn náà ti wà ní Nàìjíríà, láti oṣù Kejì 2006, ló kọ́ wa láti wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí a má là á nílé, kí a fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Mo gbàgbọ́ pé ẹ̀kọ́ yẹn gba ẹ̀mí là, bóyá tèmi wà níbẹ̀.

Àwọn ìlú mìíràn kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 35 ni dókítà ẹran gbọ́dọ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, láti 2022 sì ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan kí ó kọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀: New York ń béèrè wákàtí 45 láàárín ọdún mẹ́ta, California ń béèrè 36 láàárín ọdún méjì, ó sì fẹ́ kí ó kéré tán wákàtí kan láàárín ọdún mẹ́rin jẹ́ lórí bí a ṣe ń lo àpakòkòrò tó ṣe pàtàkì fún ìlera ènìyàn. Tèmi, ìbéèrè àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Wákàtí nìkan kò fi hàn pé etí gbọ́. Mo mọ àwọn tó máa ń fọwọ́ síwèé láàárọ̀, tí wọ́n á lọ ṣe ọjà, tí wọ́n á padà wá gba ìwé ẹ̀rí ní ìrọ̀lẹ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, má sì ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi dí ọdún mẹ́ta rẹ.

Mú ẹ̀kọ́ rẹ láti inú ohun tó ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Fún ọdún àkọ́kọ́, bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń yàn fún ọ, òfin ẹran ilẹ̀ Benin àti bí a ṣe ń fi Faransé kọ ìròyìn àrùn ni màá fi síwájú, kí ajá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún yẹn má baà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, dìgbòlugi, kata, àti àrùn tí eṣinṣin ń kó bá màlúù àwọn Fúlàní, torí pé oògùn tí gbogbo ènìyàn ń rà lọ́jà fún un kò fi bẹ́ẹ̀ ran gbogbo rẹ̀ mọ́. FAO (àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀) àti àjọ àgbáyé fún ìlera ẹranko, èyí tó wà ní Paris láti 1924, ní ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Wọ́n dára púpọ̀ fún ẹni tí kò lè fi ìyá sílẹ̀ rìnrìn àjò. Béèrè lọ́wọ́ Council àti Ordre ṣáájú bóyá wọ́n á kà á. Ní ti ìpàdé tí àwọn tó ń ta oògùn máa ń pè ní hòtẹ́ẹ̀lì, lọ bó o bá ráyè, fetí sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àrùn, ṣùgbọ́n má kọ ibi tí wọ́n ti ń polówó ọjà wọn mọ́ wákàtí rẹ.

Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tí páálí rẹ̀ le. Kọ ọjọ́, wákàtí, ẹ̀kọ́ náà àti ẹni tó kọ́ ọ. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, kọ ohun kan tí wàá ṣe yàtọ̀ láti ọ̀la. Lẹ ìwé ẹ̀rí mọ́ ojú ewé náà, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀. Tèmi ti di mẹ́rin báyìí. Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú èyí tó pẹ́ jù ni ti Parakou, ohun tí mo sì kọ síbẹ̀ ni "ìgò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan".

Fi lẹ́tà Abuja ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ìdáhùn bá dé, tí ìtumọ̀ Faransé sì ti wà lọ́wọ́ rẹ, yà sọ́dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nígbà tó o bá ń lọ sí Kútọnu, ká jọ ka fáìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó o tó gbé e lé wọn lọ́wọ́. Bá mi kí ìyá.